Ọ̀nà Ta Ni À Ń Tọ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Mádíhábù fún Àwa Mùsùlùmí Ilẹ̀ Okun

Okun o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi. Ọmọ kéwú ni mo ń kọ́ ní Kabba níbí, ní ilẹ̀ Okun ti ìpínlẹ̀ Kogi. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìrun láti bi mí ní ìbéèrè, àwọn mìíràn a sì fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti Ìyàrá, Ìsánlú àti Lọ́kọ́ja. Nígbà tí mo rí i pé ìbéèrè kan náà ló ń yí po, mo kó wọn jọ. Mi ò tò wọ́n bí ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n ṣe bi mí ni mo ṣe kọ wọ́n.

Àfáà, kí ni wọ́n ń pè ní mádíhábù? Ṣé ẹ̀sìn mìíràn ni?

Rárá o. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lọ ló túmọ̀ sí. Àlùkùránì wà nílẹ̀, Hàdíìsì Ànábì náà wà nílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ti wà ní títò síbẹ̀ bí ìgbà tí ìyàwó ilé to abọ́ sórí pẹpẹ. Bí imú rẹ bá ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí o ti ṣe àlùwàlá, ṣé wàá tún un ṣe? Abu Hanifa ní bẹ́ẹ̀ ni, Malik ní rárá. Kálukú wọn ló ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ìlànà tí onímọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ fi ń wo ẹ̀rí, àti gbogbo ìdájọ́ tí òun pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ìlànà náà mú jáde, òun là ń pè ní mádíhábù.

Mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ àwa Súnnì: ti Abu Hanifa ará Kufa (699 sí 767), ti Malik ọmọ Anas ará Mẹ̀dínà (711 sí 795), ti al-Shafi'i (767 sí 820), àti ti Ahmad ọmọ Hanbal ará Baghdad (780 sí 855). Ẹ wò ó dáadáa: ọdún tí Abu Hanifa kú ni wọ́n bí al-Shafi'i. Al-Shafi'i jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ níwájú Malik, Ahmad náà jókòó níwájú al-Shafi'i. Ọmọ ilé kéwú ara wọn ni wọ́n. Àwa tí a kò bá wọn jókòó la wá ń bá wọn jà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin? Ṣé àwọn yìí nìkan ló gbọ́n ni?

Wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Al-Awza'i wà ní Síríà, al-Layth ọmọ Sa'd wà ní Íjíbítì. Al-Shafi'i fúnra rẹ̀ sọ pé al-Layth mọ fíkíhì, ìyẹn ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, ju Malik lọ, àmọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló jẹ́ kí ìmọ̀ rẹ̀ ṣòfò. Ẹni tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ nǹkan sílẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọ mìíràn, mádíhábù tiẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa ńkọ́? Ta ni à ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ Okun?

Malik ni, bí o kò bá tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí bàbá àgbà rẹ fi ń sálámà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ọ̀tún, tó ń ṣe àdúà kùnútù jẹ́jẹ́ nínú ìrun Àsùbáà kó tó tẹ̀ fún rúkúù, tí kì í sì í ka Bísímílàhì síta nínú Fátíhà. Ó lè ní bí òun ṣe bá wọn lòun ń ṣe é, kò sì parọ́. Àmọ́ àwọn tó bá lọ́wọ́ Malik ni wọ́n ti bá a.

Ọ̀nà náà jìn. Láti Mẹ̀dínà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Malik gbé e lọ sí Íjíbítì àti Qayrawan ní ilẹ̀ Tùnísíà. Ibẹ̀ ni Sahnun, tó kú ní 854, ti to ìwé Mudawwana, tó kó àwọn ìdájọ́ Malik jọ. Ibẹ̀ náà ni Ibn Abi Zayd, tó kú ní 996, ti kọ Risala, ìwé òfin ẹ̀sìn tí àwọn àfáà wa ṣì ń kà lónìí. Ó gba inú aginjù kọjá sí Timbuktu, ó dé ilẹ̀ Haúsá. Nígbà tí Uthman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ jìháàdì rẹ̀ ní 1804, ọ̀nà Malik ni ti òun náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló wá gba Ìlọrin àti Bida bọ́ sọ́dọ̀ tiwa. Ẹ̀yin tí bàbá yín máa ń sọ ìtàn ogun Nupe mọ̀ pé kì í ṣe àlejò rere ni gbogbo ẹni tó gba ojú ọ̀nà yẹn wọlé. Mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àmọ́ àfáà àti oníṣòwò náà gba ojú ọ̀nà kan náà, ìwé ló sì wà lọ́wọ́ tiwọn.

Ìjọba pàápàá mọ̀ ọ́n. Òfin tí wọ́n fi dá Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà sílẹ̀ fún ẹkùn Àríwá ní 1960 dárúkọ mádíhábù Malik pé òun ni kóòtù náà yóò máa lò, bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ ní ìlú tí ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ Àríwá la wà nígbà náà. A wà ní Kwara kó tó di pé wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991, irú kóòtù yẹn sì wà ní Lọ́kọ́ja di òní.

Kí ló dé tí àwọn bàbá wa fi ń ju ọwọ́ sílẹ̀ lórí ìrun, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé e lé àyà? Ta ló tọ̀nà?

Ìbéèrè yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, bẹ́ẹ̀ ó wà lára àwọn tó kéré jù. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ní ibi tí ọwọ́ bá wà ló ń sọ bóyá ìrun gbà tàbí kò gbà.

Ibn al-Qasim, ọmọ ẹ̀yìn Malik, ló sọ nínú Mudawwana pé Malik kò fẹ́ràn kí wọ́n gbé ọwọ́ lé ọwọ́ nínú ìrun ọ̀ranyàn, pé nínú ìrun àṣegbọrẹ tí ìdúró rẹ̀ gùn, kò burú. Àmọ́ ẹ ṣí Muwatta tí Malik fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, ẹ óò bá Hàdíìsì níbẹ̀ pé kí wọ́n gbé ọ̀tún lé òsì. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ Malik fúnra wọn kò sọ ohùn kan. Ibn Abd al-Barr ará Andalus (ilẹ̀ Sípéènì ayé ìgbà náà), tó kú ní 1071, ògbógi ni nínú mádíhábù Malik, gbígbé ọwọ́ lé ọwọ́ ló sì tì lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló dúró lórí jíjù ú sílẹ̀. Ẹni tó bá bá ọ jà lórí èyí, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti ka ìwé méjèèjì.

Èmi fúnra mi jẹ gbèsè yìí rí. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo lọ kọ́ṣẹ́ ní ìlú ńlá kan, mo sì bá àwọn ọ̀dọ́ kan kẹ́gbẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo dé sílé, mo sọ fún bàbá mi lẹ́yìn Àsùbáà pé ìrun wọn kò bá sunna, ìyẹn ìṣe Ànábì, mu. Bàbá kò dá mi lóhùn. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ìwé kan jáde nínú àpò awọ, eku ti jẹ etí rẹ̀, ewé rẹ̀ sì ti pọ́n bí omi àgbo. Wọ́n ṣí i, wọ́n fi ìka sí ìlà kan, wọ́n ní, "Ka ibẹ̀ yẹn fún mi." Mi ò lè kà á. Kò ní àmì kankan lórí, èmi sì nìyí, ìwé pélébé pélébé tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá ni mo ń gbẹ́kẹ̀ lé. Bàbá pa ìwé dé, wọ́n lọ jẹ ẹ̀kọ. Ó tó ọdún méjì kí n tó lè ka ìlà yẹn. Risala ni, orí ọ̀rọ̀ àlùwàlá. Kò tilẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ọwọ́ rárá.

Wọ́n ní nítorí pé wọ́n na Malik tí apá rẹ̀ yẹ̀ ni kò ṣe lè gbé ọwọ́ lé àyà. Ṣé lóòótọ́ ni?

Wọ́n nà án lóòótọ́. Gómìnà Mẹ̀dínà ló nà án, nítorí pé Malik ní ìkọ̀sílẹ̀ tí wọ́n fi ipá mú èèyàn sọ kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ìjọba mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí: bí ìbúra ipá lórí ìkọ̀sílẹ̀ kò bá mú èèyàn, ìbúra ipá fún ọba náà kò mú un. Apá rẹ̀ yẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ìdí tí wọ́n fi ń ju ọwọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Sa'id ọmọ al-Musayyib, àgbà onímọ̀ Mẹ̀dínà, pé ó ń jù ú sílẹ̀, ìyẹn sì ti kú nígbà tí Malik ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹ má sọ ìtàn apá yẹn mọ́.

Kí ló jẹ́ kí Malik yàtọ̀ sí àwọn yòókù?

Ó gbẹ́kẹ̀ lé ìṣe àwọn ará Mẹ̀dínà. Èrò tiẹ̀ ni pé ìlú tí Ànábì gbé fún ọdún mẹ́wàá, tí ọmọ ń wo bàbá, tí bàbá ti wo bàbá tiẹ̀, ohun tí gbogbo wọn jọ ń ṣe níta gbangba lágbára ju ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn. Abu Yusuf, àgbà nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Abu Hanifa, wá sí Mẹ̀dínà, òun àti Malik sì ń jiyàn lórí bí òṣùwọ̀n sáà ṣe tóbi tó, èyí tí wọ́n fi ń wọn sàká ìtúnu aáwẹ̀. Malik kò ka ìwé kankan sí i létí. Ó ní kí àwọn ará ìlú lọ gbé òṣùwọ̀n ilé wọn wá. Wọ́n dé pẹ̀lú rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ẹni tibí ní, "Bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi, èyí ni bàbá tiẹ̀ fi ń wọn sàká fún Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun." Ẹni tọ̀hún ní ti ìyá òun ni. Abu Yusuf wọ̀n wọ́n, ó rí i pé wọ́n dọ́gba, ó sì fi èrò ti ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ lórí èyí.

Múdù ọjà Kabba tí ẹ fi ń ra ẹ̀wà, láti inú orúkọ múdù ayé Ànábì ló ti wá. Sáà kan jẹ́ múdù mẹ́rin ti Ànábì. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: múdù ti Ànábì jẹ́ ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ọkùnrin tí kò tóbi jù tí kò sì kéré jù. Ti ọjà wa tóbi jù ú lọ dáadáa, ká má tíì sọ ti àwọn tó ń lu ìdí rẹ̀ wọnú. Oúnjẹ tí ìlú ń jẹ ni Malik ní kí a fi yọ sàká náà. Abu Hanifa ló gbà kí èèyàn fi owó yọ ọ́.

Nígbà Ìléyá, ṣé a lè jẹ́ méje ká da owó ra màlúù kan?

Èyí ni ọ̀pọ̀ yín ń ṣe láìmọ̀ pé ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ Malik. Abu Hanifa, al-Shafi'i àti Ahmad gbà kí èèyàn méje pín màlúù, nítorí Hàdíìsì Jabir, ọ̀kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ Ànábì, pé èèyàn méje ló pín màlúù kan ní Hudaybiyya. Malik kò gbà kí wọ́n pín owó ẹran ìpa. Ohun tó gbà ni pé kí ẹni tó ni ẹran náà fi àwọn ará ilé rẹ̀ kún inú ẹ̀san rẹ̀. Àgbò ló sì fẹ́ràn jù, nígbà tí àwọn yòókù fi ràkúnmí àti màlúù ṣáájú.

Ṣé ẹni tó dá owó màlúù ti ṣẹ̀? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àgbò ti wọ́n gógó, onímọ̀ mẹ́ta sì ti ní ó dára. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ẹni tí ò ń tẹ̀lé ni.

Ohun kan wà nínú Ìléyá wa tó jẹ́ ti Malik pátápátá. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi ti de àgbò mọ́lẹ̀ kí bàbá wa tó ti yídì dé. Ó ti pọ́n ọ̀bẹ, ó ti gbẹ́ ihò tí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn sí, ebi ń pa gbogbo wa. Bàbá yọ sójúde, wọ́n kígbe láti òkèèrè, "Ṣé lemọ́mù ti pa tiẹ̀? Ta ló sọ fún ọ pé ó ti pa tiẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́ bí ère. Lọ́dọ̀ Malik, ẹni tó bá pa ẹran kí lemọ́mù tó pa tiẹ̀, ẹran ọbẹ̀ lásán ló pa. Lọ́dọ̀ Abu Hanifa, kí wọ́n ṣáà ti kírun tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa àgbò lemọ́mù lọ sí yídì, kí gbogbo ìlú lè rí i pé ó ti dúḿbú rẹ̀.

Bàbá mi jẹ́ Mùsùlùmí, ìyá mi ń lọ ECWA, àbúrò mi jẹ́ Kátólíìkì. Báwo ni ogún ṣe máa rí?

Ilé tí kò rí báyìí kò pọ̀ ní ilẹ̀ Okun. Oríire wa ni pé a jọ ń jẹ Ìléyá, a jọ ń jẹ Kérésì. Àmọ́ ogún ní òfin tiẹ̀, ibí yìí ni mádíhábù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti sọ ohùn kan: Mùsùlùmí kì í jogún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í sì í jogún Mùsùlùmí. Hàdíìsì Usama ọmọ Zayd ló wà nídìí rẹ̀.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé bàbá rẹ kò lè ṣe nǹkan kan fún ìyá rẹ. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀. Ọ̀kan ni kó fi àsọtẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún un, kó má ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ní lọ. Níwọ̀n bí ìyá kò ti sí lára àwọn ajogún, àsọtẹ́lẹ̀ tiẹ̀ dúró. Èkejì ni kó fún un lẹ́bùn nígbà tó wà láàyè. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́ nìyí: lọ́dọ̀ Malik, ẹ̀bùn tí ẹni tí wọ́n fún kò gbà sọ́wọ́ kí olóore tó kú, tàbí kí àìsàn ikú tó dá a dùbúlẹ̀, òfo ni. Bàbá tó ní, "Oko kajú tó wà lọ́nà odò yẹn, tìrẹ ni," tó tún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká a, tó ń tà á, tó ń ná owó rẹ̀ títí tó fi kú, kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ìyá wọnú oko náà níṣojú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n máa kó èso rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti jókòó níbi tí ọmọ ìyá kan ti ń bú ara wọn lójú ibojì nítorí pé kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé mo lè mú èyí tó rọrùn nínú mádíhábù kọ̀ọ̀kan?

Ìyẹn la ń pè ní ìṣàjẹ. Àpẹẹrẹ tí àwọn onímọ̀ máa ń fún wa nìyí: ọkùnrin kan fẹ́ obìnrin láìsí alámòójútó rẹ̀, ó ní Abu Hanifa gbà á fún obìnrin tó ti bàlágà. Kò pe ẹlẹ́rìí síbi yìgì, ó ní Malik kò sọ ọ́ di dandan níbẹ̀. Àmọ́ Malik kò gbà pé kó má sí alámòójútó, Abu Hanifa kò sì gbà pé kó má sí ẹlẹ́rìí. Ìgbéyàwó ta wá ni? Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó máa dárúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹni tí ara kò rọ̀ fún, tí àfáà tó mọ̀wé sì fún un ní ìdájọ́ mádíhábù mìíràn, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Àwọn àgbà ti ń ṣe ìyẹn tipẹ́.

Ṣé ó jẹ́ dandan kí n tẹ̀lé mádíhábù kan? Àwọn kan ní Àlùkùránì àti sunna ti tó.

Ọlọ́hun ní, ẹ bi àwọn onímọ̀ bí ẹ kò bá mọ̀, nínú Súúrà an-Nahl. Ohun tó di dandan fún ẹni tí kò kàwé nìyẹn: kó béèrè. Onímọ̀ pọ̀ tó ní kò pọn dandan kó di mọ́ orúkọ ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ mìíràn sì ní ó sàn kó dì í mú kó má baà sọnù. Èmi wà lọ́dọ̀ àwọn ìkejì, mi ò sì ní fi ìyẹn bá ẹnikẹ́ni jà.

Àwọn tó ní sunna ti tó kò parọ́, Malik gan-an ló tọ́ka sí ibojì Ànábì tó ní ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn la lè gbà tàbí ká kọ̀, àfi ti ẹni tó wà nínú ibojì yìí. Àmọ́ ẹni tó ní òun kò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni, tó wá ń tẹ̀lé àfáà orí fóònù, ó ti ní mádíhábù. Kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Ṣé mádíhábù àti Tíjánìyà, nǹkan kan náà ni?

Rárá. Tíjánìyà àti Kàdírìyà jẹ́ ọ̀nà ìrántí Ọlọ́hun. Mádíhábù jẹ mọ́ òfin. Èèyàn lè tẹ̀lé Malik kó má ní wírìdì, ìyẹn ìrántí tí wọ́n ń kà lójoojúmọ́, kankan.

Ṣé mo lè kírun lẹ́yìn lemọ́mù tí mádíhábù rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi?

Kírun. Uthman, kálífà kẹta lẹ́yìn Ànábì, kírun ráká mẹ́rin ní Mina lẹ́bàá Mẹ́kà, níbi tí Ànábì ti kí méjì. Ibn Mas'ud, ẹlẹgbẹ́ Ànábì, takò ó lẹ́nu, ó sì dìde kí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè, ó ní, "Ìyapa burú."

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìwé al-Akhdari ni, lórí àlùwàlá àti ìrun. Ó kéré, kò sì wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Ibn Ashir tó jẹ́ ewì, kó rọrùn láti há sórí. Risala ló tẹ̀ lé e. Ẹ má wulẹ̀ na ọwọ́ sí Mukhtasar Khalil ní ọdún àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le bí òkúta lọ́nà tí gbólóhùn kan á fi gbà yín ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wá àfáà tó jókòó kàwé níwájú àfáà mìíràn, kì í ṣe èyí tó dá kàwé nínú yàrá bíi tèmi ọjọ́sí. Ní ti wa, lẹ́yìn Alásárì ọjọ́ Sátidé la máa ń jókòó kàwé, àgbà àti ọmọdé, ọkùnrin àti obìnrin. Bí a bá dé orí àlùwàlá, kálukú ló ń gbé búùtà omi tiẹ̀ wá, nítorí a máa ṣe é lójú ara wa.